Affidavit lẹ́nu ará Íńdíà: ìbúra tó di ìwé

Ẹ jẹ́ ká ní ìwé ìbúra kan láti Íńdíà wà níwájú wa. Èdè Híńdì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Lókè pátápátá, ẹ máa rí shapath patra. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó mú un dání pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, affidavit ni yóò wí. Bí oníròyìn Híńdì bá sì fẹ́ ròyìn rẹ̀, ó lè pè é ní halafnama. Nǹkan kan náà ni o!

Ẹ jẹ́ ká tú u. Shapath ni ìbúra, Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ló ti wá. Patra ni ìwé. Ewé igi náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Sanskrit. Àwa tí a ní ewé, tí a ní ìwé, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Halaf ní tiẹ̀, ìbúra lédè Lárúbáwá. Nama, ìwé lédè Páṣíà. Èdè Páṣíà ni wọ́n ń lò ní kóòtù níbẹ̀ láyé àwọn ọba Mughal, ìdílé Mùsùlùmí tó ti jọba ní Íńdíà, títí àwọn òyìnbó fi ṣòfin yọ ọ́ ní 1837. Èdè lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó. Affidavit gan-an, Látìn ni: “ó ti búra”.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í rèé. Shapath tí kò ní patra, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, 2024, Narendra Modi, olóṣèlú Íńdíà, fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ní ìlú Varanasi, pẹ̀lú ìwé tó ka owó àti dúkìá rẹ̀. Affidavit nìyẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ó búra níwájú ààrẹ láti di olóòtú ìjọba: “Main, Narendra Damodardas Modi…”, ìyẹn “Èmi, Narendra Damodardas Modi…”. Shapath nìyẹn, kì í ṣe affidavit.

Lédè Híńdì, wọ́n máa ń ní affidavit dena. Dena ni “fún”, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń “give” affidavit tí wọ́n bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kóòtù, “swear” ni, tàbí “file”.

Ó ku ìlà àkọ́kọ́ inú ìwé náà: èmi lágbájá, ọmọ tàmẹ̀dò, ará ibi báyìí, shapathpurvak kathan karta hoon, mo fi ìbúra sọ ọ́. Karta yẹn, ọkùnrin ló ń sọ ọ́. Karti ni ti obìnrin. Ìyá tó bá bá karta nínú tirẹ̀, kó dá a padà fún atẹ̀wé kó tó fọwọ́ sí i.