"Gbé e Síbẹ̀": Ìjiyàn Wa Láti Abẹ́òkúta

BỌ́LÁ: Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi o, Káyọ̀dé.

KÁYỌ̀DÉ: Àǹtí mi, ẹ kí àwọn èèyàn wa ná! Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Abẹ́òkúta la wà lọ́sẹ̀ yìí.

BỌ́LÁ: Ẹ kú ìjókòó, gbogbo yín. Ẹ wá gbọ́. Lánàá la lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú. Ìyá aláṣọ yẹn ò ráyè mí. Aṣọ ẹbí tí wọ́n máa wọ̀ ní Sátidé ló wà níwájú ẹ̀, ó ń tú okùn, ó ń ka ọ̀pá, fóònù ń dún. Ni ọkọ ẹ̀ bá wọlé. Ọkùnrin yìí ti lọ mú àwọn ọmọ níléèwé, ó gbé fúláàsì dání, láfún àti ewédú tó fọwọ́ ara ẹ̀ sè. Ìyàwó ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Gbé e síbẹ̀." Ó tán! Kò tiẹ̀ ní "o ṣé."

KÁYỌ̀DÉ: Ọwọ́ ẹ̀ dí ni.

BỌ́LÁ: Ṣé ẹnu ẹ̀ náà dí ni?

KÁYỌ̀DÉ: (ẹ̀rín) Láfún yẹn mà funfun o. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ kó sínú báàgì dé Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú Lọ́ńdọ̀nù.

BỌ́LÁ: Má dá ọ̀rọ̀ báàgì yẹn sílẹ̀ níbí! Àbí o ò mọ̀ pé láfún yìí kan náà ni wọ́n ń rò bí ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ kùn sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kí aró má bàa mu ibẹ̀?

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ọkọ ìyá aláṣọ sílẹ̀.

BỌ́LÁ: Mo ń padà bọ̀. Nígbà tí mò ń ṣe náìtì, iṣẹ́ òru, ọkọ mi ló ń lọ yúnífọ́ọ̀mù, òun ló ń di irun ọmọ. YouTube ló ti kọ́ ọ! Á tún wá dúró dè mí ní ibùdókọ̀ nínú yìnyín. Tí mo bá kàn wọlé tí mo sùn, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé mo rí i? "O ṣé" lásán ò tó. Dárúkọ ohun tó ṣe. "Àkànní, irun tí o dì lánàá mà dúró o." Wo bí orí ọkùnrin yẹn ṣe máa wú.

KÁYỌ̀DÉ: Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìyá mi ń tajà ní Kútọ̀, ó ń dáná, ó ń fọṣọ, ó ń pọnmi. Ta ló kí i? Ọkùnrin gbé fúláàsì kan ṣoṣo, ẹ ní ká lu gángan.

BỌ́LÁ: Ibẹ̀ yẹn dùn mí, òótọ́ ni. Àmọ́ ṣé ọkọ ọlọ́kọ la máa wá fi gbẹ̀san? Kí gbogbo wọn gba kúuṣẹ́! Ṣebí ọmọ Lísàbí ni wá? Kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 ni Lísàbí ti kó àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá jọ sínú àáró, òní oko tèmi, ọ̀la oko tìẹ. Àwọn yẹn náà ló wá di jagunjagun tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Àáró ni iṣẹ́ ilé.

KÁYỌ̀DÉ: Háà! Àáró ní ìṣirò nínú o. Ẹ wá roko mi, mo jẹ yín ní oko kan nìyẹn. Ẹni bá ń ka gbèsè abọ́ fífọ̀ nínú ilé, ìjà ló fẹ́.

BỌ́LÁ: Ta ní ní kó kà á? Mo ní kó kí i!

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ yìn ín níwájú ìyá ẹ̀, wọ́n á ní ẹ ti sọ ọmọ wọn di ọmọ ọ̀dọ̀.

BỌ́LÁ: Mo yìn ín níwájú ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ!" (ẹ̀rín) Inú wọn dùn dọ́ba. Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń tọ́jú àwọn ọmọ kí o tó ráyè jókòó síbí?

KÁYỌ̀DÉ: Ìyàwó mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí.

BỌ́LÁ: Fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Báyìí.

KÁYỌ̀DÉ: Ó dáa. Àbẹ̀kẹ́ mi, o kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú ilé. O ṣé tí o tún ń gbé àwọn ọmọ lọ sí swimming lẹ́yìn iṣẹ́.

BỌ́LÁ: Ó ti ń fèsì! Ó ti wà ní bíréèkì.

KÁYỌ̀DÉ: (ẹ̀rín) Ó ní, "Èló lo fẹ́ yá?"

BỌ́LÁ: (ẹ̀rín) O ò rí i! O kì í kí i tó!

KÁYỌ̀DÉ: Àǹtí mi, ẹ pa ẹ̀rọ yìí, ẹ jọ̀ọ́!