Bí a ṣe ń so library C mọ́ SageMath

Ẹ ṣí Sage (ìyẹn SageMath, software ìṣirò tó ń lo èdè Python), kí ẹ tẹ `Partitions(100).cardinality()`. Kíá ni 190569292 máa jáde. Iye ọ̀nà tí èèyàn lè gbà pín 100 sí àròpọ̀ odidi nọ́ńbà tó ju òdo lọ nìyẹn. Python kọ́ ló ṣe ìṣirò náà o. FLINT ni, library (àkójọ function tí program mìíràn lè pè) tí wọ́n fi èdè C kọ. Sage kàn bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn la fẹ́ tú palẹ̀ báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ license (ìwé àṣẹ lílò) wò. Bí ti library yín kò bá bá GPL ẹ̀dà 3 (license software olómìnira) ṣe, kò lè sí lára àwọn tó ń bá Sage wá látilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ̀dá fódà kan ní orúkọ library náà lábẹ́ `build/pkgs`. Ìlà kan péré ló wà nínú `package-version.txt`, nọ́ńbà ẹ̀dà ni. `checksums.ini` ló ń gba orúkọ tarball (fáìlì tí wọ́n di code library náà sí) àti sha256 rẹ̀ (àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáìlì náà pé). Nínú `type`, ẹ kọ `optional`, ìyẹn ni pé kì í ṣe dandan. Àṣẹ tí wọ́n máa fi compile rẹ̀ (sọ code rẹ̀ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) ń lọ sínú `spkg-install.in`, àlàyé sì ń lọ sínú `SPKG.rst`.

Fáìlì `dependencies`, níbi tí ẹ ti ń kọ àwọn library tí tiyín nílò, gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní library yín nílò GMP (library C fún nọ́ńbà ńláńlá), tí ẹ sì gbàgbé láti kọ ọ́ síbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà yín, GMP ti wà nílẹ̀ tipẹ́, nítorí náà `./sage -i`, àṣẹ tó ń fi library kan kún Sage, á parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ ẹlòmíràn ń fi `make -j8` kọ́ Sage láti ìbẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ mẹ́jọ ló ń lọ pọ̀, library yín lè ṣáájú GMP, á sì fi ẹjọ́ sùn pé òun ò rí `gmp.h`. Bó bá tún un ṣe, ó lè lọ. Àṣìṣe tó ń wá tó ń lọ báyìí ló ń jẹ àkókò èèyàn jù.

Ó ku afárá tó so Python àti C pọ̀. Cython, èdè tó jọ Python tó sì lè pe function C, la fi ń ṣe é. Ẹ wo code yìí:

```
def number_of_partitions(unsigned long n):
    cdef fmpz_t ans_fmpz
    cdef Integer ans = Integer(0)
    fmpz_init(ans_fmpz)
    if n > 1000:
        sig_on()
    arith_number_of_partitions(ans_fmpz, n)
    if n > 1000:
        sig_off()
    fmpz_get_mpz(ans.value, ans_fmpz)
    fmpz_clear(ans_fmpz)
    return ans
```

`fmpz_t` ni FLINT fi ń tọ́jú odidi nọ́ńbà, ti GMP sì ni `Integer` Sage ń lò. Ìdí nìyẹn tí `fmpz_get_mpz` fi ní láti da ìdáhùn láti inú ọ̀kan sí èkejì. `fmpz_init` ló ń gba àyè, `fmpz_clear` ló ń dá a padà. Bí ẹ bá gbàgbé `fmpz_clear`, ìdáhùn á ṣì tọ̀nà, ìyẹn ni kò jẹ́ kéèyàn tètè fura. Ẹ pè é nígbà mílíọ̀nù kan fún nọ́ńbà ńlá, kí ẹ wá wo bí RAM ṣe ń jò dànù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sídìí `sig_on`. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹ sì tẹ Ctrl-C, Python á kàn ṣe àkíyèsí rẹ̀ ni, kò ní ṣe nǹkan kan títí C á fi parí. Èyí tó burú jù ni pé bí FLINT bá pe `abort()` (àṣẹ tó ń pa program lójijì), gbogbo Sage ló máa kú, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti àárọ̀ á sì bá a lọ. `sig_on` ń sọ irú ikú bẹ́ẹ̀ di `RuntimeError` lásán. Fífò ló ń fò padà láti àárín iṣẹ́, nítorí náà ẹ má fi ohunkóhun tó jẹ́ ti Python sáàárín òun àti `sig_off`, ẹ má sì kọ `return` síbẹ̀. Lóòótọ́, àyè tí C ti gbà kí ó tó fò kò ní padà. Ó ṣì sàn ju kí Sage kú lọ. Ti `n > 1000` yẹn, ọ̀rọ̀ àkókò ni: `sig_on` ń jẹ àkókò díẹ̀, nọ́ńbà kékeré kò sì nílò rẹ̀.

Bí ó bá compile tán, tí `import` wá ń sọ pé `undefined symbol`, ẹ wo orí fáìlì `.pyx` (fáìlì Cython yín). Bóyá ẹ kò kọ `# distutils: libraries = flint`, tàbí kó jẹ́ C++ ni library yín, tí ẹ kò kọ `# distutils: language = c++`. C++ máa ń yí orúkọ function padà, ẹni tó bá ń fi orúkọ C wá a kò lè rí i.

Ẹ kọ doctest (àpẹẹrẹ tí Sage fi ń dán code wò) sí i: `number_of_partitions(10)` gbọ́dọ̀ mú 42 wá. Fún library tí kì í ṣe dandan, ẹ fi `# optional - ` àti orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ doctest á máa kùnà lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní i. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní nọ́ńbà ràbàtà, `10^12` dáa, kí ẹ tẹ Ctrl-C nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. `KeyboardInterrupt` ló yẹ kí ẹ rí, kí `2+2` sì ṣì jẹ́ 4 lẹ́yìn rẹ̀.