Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Ń Gbèsì: Rédíò àti Ọ̀rọ̀ Ìlú ní Ògbómọ̀ṣọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ nìyí, nínú gbọ̀ngàn kan ní Tákíè. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ kún un níbi tí ìbéèrè wọn ti là mí lóye.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ fi ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun.

Ìpè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà, ètò ọ̀rọ̀ ìlú wa sì ti gorí afẹ́fẹ́. Ìyá àgbà kan pè láti Ìsàlẹ̀ Afọ̀n. Òjò ti wó afárá kékeré tó wà lórí gọ́tà àdúgbò wọn, àwọn ọmọ ilé ìwé kò rí ibi gbà kọjá. Ó ń ṣàlàyé, ẹ̀rọ ìlọta ń dún lẹ́yìn rẹ̀, rédíò tirẹ̀ náà ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ohùn bá ń han gooro wọ etí wa ní yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí rédíò yín wálẹ̀." Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá yí i wálẹ̀, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ohùn mi jáde?"

Ẹni tó bá ti gba ìpè rí lórí rédíò mọ ohun tó ń fa ariwo yẹn. Ohùn tó jáde nínú rédíò tún wọ inú fóònù padà, fóònù gbé e wá bá wa, àwa tún jù ú sáfẹ́fẹ́, ó wá ń yí po. Ara ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn nídìí iṣẹ́ yìí ni pé kó ní kí olùgbọ́ yí rédíò wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Etí ara rẹ̀ ló fẹ́ fi gbọ́ ọ pé ìlú ń gbọ́ òun. Ohun tí mo bá wá lónìí kò sì ju èyí lọ: nígbà tí ohùn èèyàn bá ti jáde lórí rédíò, níbo ló ń lọ, ta ló sì yẹ kó dá a lóhùn?

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa sọ rédíò. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Àpótí tí wọ́n kọ́kọ́ rí yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fóònù yín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn ilé iṣẹ́ BBC láti Lọ́ńdọ̀nù káàkiri ilé ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Rẹ́dífúṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gbé àpótí sára ògiri, wáyà á gba ojú fèrèsé wọlé, onílé á máa san owó oṣooṣù. Kò sí pé o fẹ́ yí i sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá rán wá ni wàá gbọ́, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì dùn ọ́, ògiri lo máa bá wí. Ẹni tó fún un lórúkọ yẹn ti jókòó tì í, ó ti bá a jiyàn, kò sì rí èsì.

Ó pẹ́ kí èyí tó yí padà. Ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba àpapọ̀ dá dúró ní 1957. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn gbé tẹlifíṣọ̀n kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. Rédíò alápò, oní-bátìrì, wá tú àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ wáyà, àgbẹ̀ lè gbé e kọ́ igi káṣú lóko. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1976, ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ tẹ̀lé e. Ní 1992, òfin gba àwọn aládàáni láàyè láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ fèsì fún rédíò máa kọ lẹ́tà ni, tàbí kó wọkọ̀ lọ bá wọn. Ìgbà tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, tó sì di ohun tí alátà náà ń so mọ́ etí aṣọ, ni asọ̀rọ̀mágbèsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ rédíò tòsí ni mo ń sọ. Ìgbì FM kì í tẹ̀ kọrọ̀. Bí ojú ṣe ń ríran ló ṣe ń rìn: ibi tí orí ọ̀pá ilé iṣẹ́ bá ti lè "rí" ni ohùn máa dé ketekete, òkè tó bá dí i lọ́nà á jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń wakọ̀ jáde nílùú tí ohùn sì ń di hààhàà. Nǹkan bí 100 kìlómítà ló wà láàárín wa àti Ìbàdàn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó jókòó sí Ìbàdàn á sọ fún ọ pé ọkọ̀ ti dí lójú ọ̀nà Mọ́kọ́lá. Ire ni, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn ṣe fún ẹni tó ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti Ìkòyí-Ilé? Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé Ajílété FM sí Gàm̀bàrí, tí wọ́n fi oríkì tiwa sọ ọ́, tí àwọn aládàáni náà sì wá gbé ọ̀pá tiwọn ró sínú ìlú, ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ àdúgbò wa lẹ́nu rédíò láìjẹ́ pé ìjà tàbí ikú ló ṣẹlẹ̀.

Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ nínú ètò ọ̀rọ̀ ìlú? Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mo sì fẹ́ kó dùn yín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ètò wa. Lọ́jọ́ kan mo jókòó, mo ka orúkọ àwọn tó pè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin ló pọ̀ jù lọ, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì ló sì pọ̀ nínú wọn, àwọn kan pè lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò bá wọn wí. Àwọn ló ráyè. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀, níbo ni ìyá ọlọ́jà wà? Ó ń já ẹrù lọ́jà Ìgbò. Ẹni tó ń sá láfún wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, kí oòrùn tó le. Ọlọ́kadà kò lè gbé fóònù sétí lórí ìrìn. Bí mo bá wá ní "àwọn ará ìlú sọ pé," àwọn ará ìlú wo?

A ò lè sún ètò náà, nítorí àwọn tó ń polówó ọjà ló ni wákàtí ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ bá wọn. A lọ sí Ọjà Jagun, a lọ sí Sábó pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ Hausa, a lọ sí oko àwọn tó wà ní Orí Ire. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má na ẹ̀rọ sí èèyàn lẹ́nu bí ọlọ́pàá. Ẹ kí i, ẹ béèrè ọjà, ẹ rà bí agbára yín bá gbé e. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ kò dá mi lóhùn títí mo fi bá a di ẹ̀fọ́ mẹ́rin sínú ewé. Ìgbà tó yá ló wá sọ fún mi pé wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àwọn ọkùnrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, ìwé aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì. Ó kó ìwé náà jáde lábẹ́ ìkòkò owó rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó ń pè wá láràárọ̀ tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ kọ́ láti mọ ẹni tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń ba ètò jẹ́ jù lójú tèmi nìyí: gbogbo ẹjọ́ ni wọ́n ń kó bá "ìjọba", ìjọba ò sì lórí, kò lẹ́sẹ̀. Ẹkùn Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún: Àríwá, Gúúsù, Ògo Olúwa, Orí Ire, àti Súrùlérè. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní Àtòjọ Kẹrin rẹ̀, sọ iṣẹ́ káńsù ní kedere: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ibi ìsìnkú, ìdọ̀tí, gọ́tà, ọ̀nà àdúgbò àti iná ojú pópó. Nítorí náà, afárá Ìsàlẹ̀ Afọ̀n, ti alága káńsù ni. Kí gómìnà sinmi ná. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ bá káńsù tààrà, nítorí náà ó yẹ ká máa béèrè owó náà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀, tó ti pa wá lọ́mọ, tí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Aṣòfin wa ní Àbújá la máa pè, kì í ṣe kánsílọ̀.

Bí wọn ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, òfin wà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó bá kọ̀wé béèrè lóhùn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, kò pọn dandan kó jẹ́ oníròyìn.

Mo gbé ìwé kan wá fún yín wò. (Mo gbé e sókè fún wọn, ìwé onílà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le, bíi ti olùkọ́ tó ń pe orúkọ.) Mo fi rúlà pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún: ọjọ́, àdúgbò, ẹjọ́, ẹni tó kàn, àti ọjọ́ tó dá. Ọjọ́ tó dá yìí ni gbogbo ètò dúró lé. Òṣìṣẹ́ káńsù kan ti wá rí, ó ní lọ́sẹ̀ méjì òun á ti kó àkìtàn tó dí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kan. A kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, a pè é lórí afẹ́fẹ́. Fóònù ń dún, kò gbé e. A ò sọ nǹkan kan, a jẹ́ kí ìlú gbọ́ ọ bó ṣe ń dún títí ó fi já. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ akólẹ̀ dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ètò, tọkàntọkàn, nítorí ẹni tó bá ṣe é, ó yẹ kí a yìn ín bí a ṣe pè é.

Ṣùgbọ́n agbára yìí lè ṣe èèyàn léṣe, ọwọ́ mi sì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan pè, ó dárúkọ obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ, ó ní oúnjẹ rẹ̀ ló sọ ọmọ òun sílé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ gbóná, mi ò dá a dúró, mo tiẹ̀ tún orúkọ ìyá náà pè. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni a mọ̀ pé ọmọ náà kò jẹun níbẹ̀ rí; ìjà ilẹ̀ ló wà láàárín ilé méjèèjì. Mo tọrọ àforíjì lórí afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo lọ bá a nílé. Ìkòkò rẹ̀ wà ní dídojúdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, iná ti kú níbẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn náà pọ̀ ju àwọn tó gbọ́ àforíjì lọ, ó sì pẹ́ kí oníbàárà tó padà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dárúkọ èèyàn, a máa gé ìpè náà, a sì máa pè é padà lẹ́yìn ètò láti wádìí. Ẹni tó bá ń kánjú lè bínú.

Ọmọbìnrin kan nínú yín bi mí léèrè pé bí olóṣèlú bá ra wákàtí ètò ńkọ́? Epo jẹnẹrétọ̀ kì í ra ara rẹ̀, mo mọ̀. Kó ra wákàtí tirẹ̀, kí ẹ sì sọ fún olùgbọ́ pé ó rà á. Wákàtí tí ìlú fi ń pè, ẹ má tà á.

Ẹjọ́ afárá Ìsàlẹ̀ Afọ̀n ṣì wà nínú ìwé yìí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti to pákó lé gọ́tà náà, àwọn ọmọ ń rìn lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Káńsù ṣèlérí kọnkéré, wọ́n sì dá ọjọ́. Ọ̀la ló pé. Mo ti pe Màmá láàárọ̀ yìí láti sọ fún un pé a máa pe káńsù lórí afẹ́fẹ́ ní aago mẹ́jọ, kí òun náà wà lórí ìlà. Ó ní òun á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní yí rédíò òun wálẹ̀ o. Mo ti ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ wa jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.