Bí a ṣe ń tọ́jú ọtí àgbá, láti ilé ìpọntí títí dé inú ife

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Sheffield ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ní àríwá Ìlú Ọba, nínú ilé ìpọntí tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ni àgbá tí a máa lò lónìí. Irin ni wọ́n fi ṣe é. Ó gba gálọ́ọ̀nù 9, ìyẹn páìntì 72, nǹkan bíi lítà 41. Firkin ni gbogbo ọlọ́tí ibí ń pè é. Tó bá kún, ó máa ń wọn bíi kílò 50, nítorí náà ẹ má dá a gbé. Ẹ yí i lórí ilẹ̀, kí ẹ sì pe ẹnì kejì tí ẹ bá fẹ́ gbé e sókè.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè ohun tó ya ọtí àgbá sọ́tọ̀ sí bíà inú ìgò. Ohun náà ni pé ọtí yìí kò tíì parí nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó ṣì ń jẹ ṣúgà, ó ṣì ń tú gáàsì jáde. Ẹni tó bá mọ ẹmu ti mọ ohun tí mò ń wí: ẹmu àárọ̀ kọ́ ni ẹmu ìrọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú akèrègbè kan náà ni wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìdajì iṣẹ́ apọntí ń bẹ nínú sẹ́là, ìyẹn yàrá abẹ́ pọ́ọ̀bù, ilé ọtí, tí wọ́n ń tọ́jú àgbá sí. Mo lè pọn ọtí tó dára títí, tí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi kò bá ní sùúrù, ọtí ṣíṣú ni oníbàárà máa mu, orúkọ tèmi ló sì máa wà lára àgbá náà.

Ẹ jẹ́ kí n yára gba inú ilé ìpọntí kọjá, torí sẹ́là ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí. Àárọ̀ kùtù la máa ń bẹ̀rẹ̀. A ó lọ mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà bálì tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì mú gbẹ, a ó pò ó mọ́ omi gbígbóná kí gbogbo rẹ̀ lè dúró sí nǹkan bíi dígírì 66 fún wákàtí kan. Níbẹ̀ ni sítáàṣì inú ọkà ti ń di ṣúgà. Maris Otter ni ọkà bálì tí mo fẹ́ràn jù. Láti 1966 ni àwọn àgbẹ̀ ibí ti ń gbìn ín, adùn rẹ̀ kún ẹnu, kì í sì í fún wa ní wàhálà. A ó sẹ́ omi dídùn náà, a ó sè é fún wákàtí kan pẹ̀lú òdòdó họ́ọ̀pù tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, a ó mú un tutù dé dígírì 19, a ó wá da ìwúkàrà sí i. Èérí ọkà tó kù, àgbẹ̀ kan máa ń wá kó o fún màlúù rẹ̀.

Omi Sheffield rọ̀ púpọ̀, láti orí àwọn òkè ló ti ń ṣàn wá, nítorí náà a máa ń fi gypsum, irú iyọ̀ kan tó máa ń wà nínú òkúta, díẹ̀ sí i. Irú omi tó wà ní Burton upon Trent la ń wá, níbi tí gypsum ti pọ̀ nínú omi kànga fúnra rẹ̀. Ohun tó sọ ìlú yẹn di olú ìlú bíà láyé àtijọ́ nìyẹn, torí irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìkorò họ́ọ̀pù hàn kedere.

Ẹ̀yin arábìnrin tó ń béèrè bóyá obìnrin lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ o. Àwọn ìyá wa ló ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí náà, obìnrin ló pọ̀ jù nídìí ọtí pípọn kí ó tó di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọkà bàbà tí ẹ sì ń rí nílé, kò sí ohun tó ṣe é. Látìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de ọkà bálì láti òkèèrè ní 1988 ni àwọn ilé ìpọntí ńláńlá wa ti ń fi ọkà bàbà àti àgbàdo pọn bíà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé fífọ nǹkan ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bàtà rọ́bà mi kì í gbẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn láti máa fọ nǹkan, kó yáa má bẹ̀rẹ̀.

Ó dáa. Ìgbésẹ̀ kìíní, rírọ ọtí sínú àgbá. A kì í dúró kí ìwúkàrà jẹ gbogbo ṣúgà tán. A máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀, kí ó lè rí nǹkan jẹ nínú àgbá, kí ó sì ṣe gáàsì tirẹ̀ níbẹ̀. Kí a tó dí àgbá pa, a ó da oògùn tó ń mú ọtí tòrò sí i. Isinglass ni wọ́n ń pè é, inú àpò afẹ́fẹ́ ẹja ni wọ́n ti ń rí i. Ó máa ń gbá ìwúkàrà mọ́ra, á sì fà á lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran tàbí ẹja wá kò ní lè mu ọtí tí a bá fi í sí, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sára àgbá kedere. Àwọn apọntí kan ti jáwọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ta ọtí wọn ní ṣíṣú díẹ̀. Èmi ṣì ń lò ó, torí ojú ló kọ́kọ́ ń mu ọtí.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ tẹ̀ lé mi wá sí sẹ́là. Pọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wa kan nìyí, wọ́n ti fún wa láyè. Ẹ rọra o, àtẹ̀gùn yìí ń yọ̀. Ẹ wo tẹmọ́mítà ara ògiri: dígírì 12. Láàárín 11 sí 13 ni a fẹ́. Wọ́n máa ń sọ nílé pé ọtí gbígbóná ni àwọn òyìnbó ń mu. Irọ́ ni. Ọtí yìí tutù, kì í kàn ṣe tútù ti inú yìnyín tí a mọ̀ l'Ékòó. Bí ó bá tutù jù, á ṣú, òórùn họ́ọ̀pù kò sì ní jáde. Bí ó bá gbóná jù, gáàsì á sá, ọtí á sì tètè kan.

Ẹ gbé àgbá náà dùbúlẹ̀ sórí àga rẹ̀. Ihò méjì ló ní. Èyí tó wà ní ikùn rẹ̀, tí wọ́n fi shive dí, òkè pátápátá ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Kékeré tó wà níwájú, tí wọ́n fi keystone dí, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Ẹ fi igi mẹ́ta há àgbá náà kí ó má baà mì. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún un. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà ti ń wá ibi tí yóò sùn sí nínú ikùn àgbá, tí ẹ bá jì í, ọjọ́ míì ni ẹ máa tó mu ọtí yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni mo tìtorí rẹ̀ ṣe fídíò yìí. Títú gáàsì sílẹ̀. Àbúrò mi, sún kámẹ́rà mọ́bí dáadáa.

Ẹ rí àárín shive yìí? Wọ́n ti gbẹ́ ẹ díẹ̀ ní ojú kan kí ó lè rọrùn láti lu wọlé. Mo ti fi omi apakòkòrò nù ún. Èèkàn igi méjì ló wà lọ́wọ́ mi: èyí tó rọ̀, ọparun ni, afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó le kò gba nǹkan kan láàyè. Mo fi aṣọ mímọ́ bo ojú ibẹ̀, torí ọtí mìíràn máa ń tú jáde lójijì. Mo gbé irin tí a fi ń lu shive wọlé lé e, mo lù ú lẹ́ẹ̀kan... ẹ gbọ́ ìró yẹn? Fííì. Gáàsì ló ń jáde yẹn. Kíá, mo fi èèkàn rírọ̀ sí i.

Ẹ wá wo orí èèkàn náà báyìí. Ìfófòó funfun ń rú jáde ní orí rẹ̀, ó ń ṣàn sílẹ̀ lára àgbá. Ẹ fi aṣọ nù ún. Ó tún rú. Ẹ tún nù ún. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyẹn, ẹ óò máa padà wá wò ó. Nígbà míì ìwúkàrà máa ń dí ojú èèkàn, á wá dà bíi pé ó ti parí iṣẹ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ọtí kan lè parí láàárín wákàtí mélòó kan, òmíràn lè rú mọ́jú. Ẹ má wo aago, ìfófòó ni kí ẹ wò. Nígbà tí ẹ bá nù ún, tó lo ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí òmíràn tó yọ orí, tó sì jẹ́ wẹ́wẹ́, ó ti tó. Ẹ yọ èèkàn rírọ̀, ẹ fi líle rọ́pò rẹ̀, kí gáàsì tó kù lè dúró. Gáàsì tí a fẹ́ kí ó kù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi ìdajì ti bíà inú ìgò lọ. Kò gbọdọ̀ ta yín lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ kú fin-ín-fin-ín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, táàpù. Ẹ rí i dájú pé ẹ ti tì í pa. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fọ keystone, ẹ fọ táàpù. Ẹ gbé ẹnu táàpù sí àárín gan-an, kí ó tọ́. Òòlù onígi ni kí ẹ lò, irin máa ba táàpù jẹ́. Lílù kan péré, tó lágbára. Ẹni tó bá ń lù ú pẹ́pẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ara rẹ̀ ló máa fi ọtí wẹ̀. Gbà! Ó ti wọlé, kò sì jò.

Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, ó kéré tán. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro fún ọlọ́jà tí oníbàárà ti dúró dè. Síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ la ti ṣí lánàá. Mo yọ èèkàn líle kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, mo bu díẹ̀ sínú ife láti ara táàpù. Mo gbé e sí iwájú iná. Mo lè rí ìlà ọwọ́ mi láti òdìkejì, ó tòrò mini. Mo gbóòórùn rẹ̀: họ́ọ̀pù Goldings láti Kent nìyẹn, ó ń run bí òdòdó, pẹ̀lú oyin díẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Mọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ dé, ìkorò tẹ̀ lé e, ó sì mọ́ lẹ́nu. Agbára rẹ̀ kò ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ọtí tí ènìyàn lè mu páìntì méjì kí ó sì tún máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ gidi ni. Inú mi máa ń dùn sí ibi tí a dé yìí ju gbogbo iyókù iṣẹ́ náà lọ. Ó ti tó tà.

Ẹ jẹ́ kí a gòkè. Páńpù ọwọ́ yìí kò ní iná mànàmáná, kò sì ní gáàsì. Joseph Bramah gbàwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1797, kò sì tíì yí padà púpọ̀. Ọtí tó sùn mọ́jú nínú páìpù, ẹ fà á dànù kí ẹ tó ta ti ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ife sí ẹnu rẹ̀, ẹ fà á gbọọrọ, láìkánjú. Ìfà kan máa ń gbé bíi ìdajì páìntì. Nǹkan oníhò kéékèèké tó wà lẹ́nu páńpù yìí, sparkler, ló ń jẹ́ kí ìfófòó ki, kó sì dúró. Àwọn ará gúúsù kì í fẹ́ ẹ, wọ́n ní ó ń mú òórùn họ́ọ̀pù lọ. Sheffield la wà o, níbí a kì í yọ ọ́.

Láti ìsinsìnyí, ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní. Gbogbo páìntì tó jáde ni afẹ́fẹ́ ń wọlé rọ́pò, afẹ́fẹ́ yẹn náà ló sì máa pa ọtí náà. Ní alẹ́, ẹ dá èèkàn líle padà. Pọ́ọ̀bù tí kò bá lè ta páìntì 72 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó ra àgbá pin tó gba ìdajì, tàbí kó lo ẹ̀rọ kékeré tó ń fi gáàsì CO2 dípò afẹ́fẹ́ láìtì í wọnú ọtí. CAMRA, ẹgbẹ́ tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin dá sílẹ̀ ní 1971 nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fẹ́ pa ọtí àgbá run, kọ ẹ̀rọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2018 ni wọ́n yí ìpinnu wọn padà, mo sì gbà pé wọ́n ṣe dáadáa. Ó sàn kí ọtí pé ọjọ́ márùn-ún ní mímọ́ ju kí wọ́n máa ta ọtí kíkan fún ọmọ ènìyàn.

Tí ọtí bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa nínú àgbá, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ó ga ju iwájú lọ. Ẹ lo ọwọ́ méjèèjì, láìjẹ́ kí ó ta gìrì. Tí ife àkọ́kọ́ tó ṣú bá ti jáde, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti fún owó jáde nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Àgbá tó bá ti ṣófo, ẹ yọ táàpù, ẹ fi kọ́ọ̀kì dí ihò iwájú, ẹ fi èèkàn líle dí ti òkè, lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, eṣinṣin àti agbọ́n á wọnú rẹ̀, ìwúkàrà á gbẹ mọ́ irin, àwa tó máa fọ̀ ọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀yìn ilé, ọkọ̀ wa ń bọ̀ wá kó wọn ní ọjọ́bọ̀.