Tó o bá ti túúbá, owó olówó ńkọ́?

Asàlámù àlékùn o ẹ̀yin ará, a kú Jímọ̀ òní. Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹnì kan á kó owó àjọ àwọn ìyá oníṣòwò Ìdúmọ̀tà jẹ, tó bá yá á lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà, á gbé fọ́tò ara ẹ̀ sórí státọ́ọ̀sì nínú aṣọ funfun, ó ní Ọlọ́run ti wẹ òun mọ́. Àwọn ìyá yẹn ṣì ń wá owó wọn o! Ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀, ọ̀dọ̀ áfáà ló máa gbà lọ, á sunkún, á jẹ́wọ́, áfáà á ṣàdúà, ó parí. Parí báwo? Kò sí áfáà tó lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji ẹnikẹ́ni nínú Ìsìláàmù, lẹ́mọ́ọ̀mù àgbà gan-an ò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ àárín ìwọ àti Ọlọ́run, jáwọ́ nínú ẹ̀, kábàámọ̀, pinnu pé o ò ní padà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó o lọ máa ka àṣírí ara ẹ fáráyé. Àmọ́ tó bá ti kan ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, àwọn onímọ̀ ní ìkẹrin wà ńbẹ̀: dá a padà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ẹni tó dáràn tí wọ́n wá mú ẹlòmíì. Ọmọ ọlọ́mọ wà ní Kirikiri tó ń retí ẹjọ́, ìwọ tó o ṣe é wà ní sáàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ ní mọ́sáláṣí, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Súúrà Nísáì, áyà 112, ní ẹni tó bá dẹ́ṣẹ̀ tó wá dì í ru aláìṣẹ̀, irọ́ burúkú àti ẹ̀ṣẹ̀ tó hàn gbangba ló gbé rù. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì ní ẹnì kan ní Mọ̀dínà ló jí ẹ̀wù ogun, ló bá tì í sí Júù kan lọ́rùn, àwọn ẹbí ẹ̀ tún ń gbèjà ẹ̀ lọ́dọ̀ Ànábì (s.a.w.), Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló sọ áyà kalẹ̀ tó dá Júù yẹn láre. Kò wo ti pé ẹni tó jalè ń pe ara ẹ̀ ní Mùsùlùmí.

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ máa ń ya bo àgọ́ ọlọ́pàá, "ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é", ẹ̀bẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n kí lẹ gbé dání? Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run dúnkokò mọ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ jàre, òun ló ni ìdáríjì ẹ̀.

Tólówó bá ti kú, ẹ wá àwọn ọmọ ẹ̀ rí, ogún wọn ni. Tẹ́ ò bá rí wọn rárá, ẹ fi ṣe sàárà fún un. Tí ẹni tó lowó bá wà láàyè àmọ́ tówó ò sí lọ́wọ́ yín, ẹ lọ bá a fúnra yín, ẹ má rán áfáà, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ lè máa san lóṣù.