Ta Ló Ń Bi Ọ̀gá Sẹ́mínárì Léèrè?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò wá. Tí a bá gbọ́ pé sẹ́mínárì kan, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀, wọ gbèsè, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa ni pé àwọn ọmọ ìjọ kò dáwó mọ́, tàbí pé akẹ́kọ̀ọ́ ti dín kù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, yàrá ìpàdé ìgbìmọ̀ alábòójútó ni mo fẹ́ ká yọjú sí, níbi tí wọ́n ti ń fi orin àti àdúrà bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi oore-ọ̀fẹ́ parí, tó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ìṣirò owó láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas l'Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni Southwestern Baptist Theological Seminary wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń pè ní Southern Baptist l'Amẹ́ríkà ló ni ín, àwọn kan náà tó rán míṣọ́nnárì Bowen wá sí ilẹ̀ wa ní 1850. Ìjọ yìí ló ń yan àwọn alábòójútó ibẹ̀. Ní 2018, wọ́n yọ ààrẹ sẹ́mínárì náà níṣẹ́. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ fipò sílẹ̀ ní 2022. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, ìgbìmọ̀ fúnra wọn wá tú ìwé sí gbangba: láti 2002 sí 2022, owó tó jáde fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 140 dọ́là ju èyí tó wọlé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ń dín kù, ìnáwó ń gòkè, ogún ọdún gbáko!

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn ná. Owó tó tó báyẹn kì í sá lọ lóru ọjọ́ kan. Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ ń jókòó, lọ́dọọdún ni wọ́n ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó. Kí ló wá dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tú síta?

Tèmi ni pé, ẹ wo irú ẹni tí ìjọ sábà máa ń fi sínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ni, tàbí ìjòyè ìjọ, kì í ṣe oníṣirò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀gá sẹ́mínárì yẹn ló kọ́ ọ níwèé. Ó lè máa retí kí ọ̀gá náà wá wàásù níbi àjọ̀dún ìjọ rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe nàwọ́ sókè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó yìí dà?" Tiwa nílẹ̀ Yorùbá tún wá le díẹ̀ sí i, torí àgbà ni, pásítọ̀ sì tún ni. Kíá ni wọ́n á ti ka "Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni àmì òróró mi" sí i létí. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ yẹn kò dárúkọ ìwé ìṣirò o.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn èèyàn á fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni kò ní sí. General Theological Seminary tó wà ní New York ti wà láti 1817. Ti Ìjọ Episcopal ni, àwọn ẹbí Áńgílíkà tiwa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, olùkọ́ mẹ́jọ níbẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù nínú olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní kíkún, kọ̀wé pé àwọn ò ní kọ́ni mọ́ títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó gbọ́ ẹjọ́ tí àwọn ní pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ ka lẹ́tà tán, wọ́n dáhùn pé àwọn ti gba ìwé ìfipòsílẹ̀ wọn. Àwọn olùkọ́ figbe ta pé ta ló fipò sílẹ̀? Lẹ́yìn ìwádìí, ìgbìmọ̀ fi ọ̀gá sílẹ̀ lórí oyè, wọ́n sì ní kí àwọn olùkọ́ padà wá fún ìgbà díẹ̀. Ní 2022, sẹ́mínárì yìí lọ fara mọ́ ti Virginia, ààrẹ kan náà ló ń darí méjèèjì.

Mi ò ní dá ẹjọ́ ta ló jàre. Ohun tí mo rí ni pé ní ọ̀pọ̀ sẹ́mínárì, ẹnu ọ̀gá nìkan ni ìgbìmọ̀ fi ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹjọ́ bá wá kan ọ̀gá fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Ó ya, ẹ jẹ́ ká wálé. Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi ti Ògbómọ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1898, sẹ́mínárì Immanuel sì bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1958. Torí ọ̀rọ̀ dìgírì, ọ̀pọ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń so mọ́ yunifásítì, bíi ti Ìbàdàn. Yunifásítì á máa bójú tó ètò ẹ̀kọ́ àti ìdánwò, ìjọ á máa pinnu ẹni tí yóò kọ́ni. Ọ̀gá sẹ́mínárì á wà láàárín méjèèjì.

Èyí tó le jù ni ti owó ilé-ẹ̀kọ́. Bíṣọ́ọ̀bù rán akẹ́kọ̀ọ́ wá, dáyósíìsì rẹ̀, ìyẹn àgbègbè ìjọ tó ń darí, ló yẹ kó sanwó wọn. Bí kò bá san, ó lè jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan náà ni yóò jókòó sínú ìgbìmọ̀ tí yóò béèrè ìdí tí owó oṣù àwọn olùkọ́ fi pẹ́. Ọ̀gá tí wọ́n lè gbé lọ sí ìjọ mìíràn bó bá dọ̀la, báwo ló ṣe fẹ́ sin gbèsè lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyí tí ètò Immanuel fi wù mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí ìjọ méjì jọ ni ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń fa wàhálà. Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ló jọ dá a sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá tilẹ̀ ń tijú ọ̀gá, èkejì ṣì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí akápò tẹ́ ìwé sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè pè é ní ọlọ̀tẹ̀.