Ọmọge Adití Fẹ́ Darí Ìdíje Arẹwà: Ta Lẹ Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ la wà. Ère Mọremí lẹ ń wò lẹ́yìn mi yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 42 ló ga, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbí ni, torí ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ṣíwájú la fẹ́ sọ. Ọmọge adití tó fẹ́ darí ìdíje arẹwà. Kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ dé adé o. Ó fẹ́ DARÍ ẹ̀ ni.

Bí wọ́n ṣe ń rìn nínú bàtà gogoro, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí adájọ́, ẹ ti mọ ìyẹn. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá àwọn kan lóhùn. Àwọn tó máa ní, "Ṣé adití tiẹ̀ lè wọ ìdíje arẹwà?" Wọ́n ti ṣe é tipẹ́! Oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, Heather Whitestone, ọmọ Alabama ní Amẹ́ríkà, gba adé Miss America ti 1995. Ọmọ oṣù 18 ni nígbà tí etí rẹ̀ di. Ó jó níwájú wọn, ó ń ka ìgbésẹ̀ lọ́kàn kó lè bá orin mu. Nígbà tí wọ́n wá pe ẹni tó borí, kò gbọ́. Ẹni tó ṣìkejì ló nàka sí i pé ìwọ ni! Ẹ rò ó wò ná. Gbogbo gbọ̀ngàn ti ń hó yèè, ẹni tí wọ́n ń hó fún ṣì dúró, ó ń retí èsì.

Oṣù kẹjọ ọdún 2024, Mia le Roux di Miss South Africa, adití àkọ́kọ́ tó máa gba adé yẹn. Ìdíje tí Chidimma Adetshina yọwọ́ nínú ẹ̀ kó tó wá gba Miss Universe Nigeria nílé wa níbí náà ni. Ariwo Chidimma pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ wa ò bèèrè ẹni tó padà gbadé. Ẹ̀rọ wà létí Mia tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé sí i, ọdún méjì ló sì fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kó tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹnu làwọn méjèèjì sábà fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ adití, ọwọ́ ni. Èdè ọwọ́ yẹn sì bá ti Amẹ́ríkà tan, torí Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ló wá dá ilé ìwé sílẹ̀ fún wọn n'Íbàdàn ní 1960. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi nílò ògbufọ̀.

Ó dáa. Ògbufọ̀. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa ń bà á jẹ́!

Adájọ́ á gbé makirofóònù, á kọjú sí ògbufọ̀ dípò olùdíje tó jẹ́ adití, á ní, "Bá mi bi í pé kí ló máa ṣe fún àwọn ọ̀dọ́." Ẹ bá ta ni bi ta? Ọmọ rèé níwájú yín, ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò sí nílé! Ẹ wo ọmọ náà. Ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. "Kí lo máa ṣe fún àwọn ọ̀dọ́?" Ó tán. Mo tún un sọ o: ẸNI TẸ́ Ẹ BI LÉÈRÈ NI KẸ́ Ẹ WÒ!

Ará Ifẹ̀ ló yẹ kó tètè yé jù. Tí ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin, bá jíṣẹ́ Ọọ̀ni fún yín nílé, ṣé ẹ máa bi í pé, "Ìwọ ẹmẹsẹ̀, kí lo rí sí i?" Ẹ tó bẹ́ẹ̀! Ẹnu ẹmẹsẹ̀ lọ̀rọ̀ gbà jáde, ọba ló sọ ọ́, ọba lẹ sì ń dá lóhùn. Mo ti fi àpèjúwe yìí yọ àwọn MC lẹ́nu títí, wọ́n ti ń sá fún mi. Nítorí náà, tí ògbufọ̀ bá ní "mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́," ọmọ yẹn ló ní "mo fẹ́." Ẹ má yíjú sí ògbufọ̀ kẹ́ ẹ máa mi orí sí i.

Níbo ni ògbufọ̀ máa dúró? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń bèèrè ọ̀rọ̀, kí ọmọ lè rí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kó má wọ àdìrẹ o! Aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo, tí ọwọ́ á hàn lára ẹ̀.

Kí iná má kú. Àwọn oníṣòwò àríyá fẹ́ràn kí wọ́n pa iná kí gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, kí wọ́n tó pe ẹni tó borí. Ẹ̀yin ń gbádùn ara yín, adití ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ mọ́. Tí àwọn oníná bá mú iná lọ, MC á ṣì máa pariwo nínú òkùnkùn. Tọmọ yẹn ti parí. Ẹ wá jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé iná orí ìtàgé.

Gèlè ńkọ́? Ẹ má wé e bo irun òkè ojú rẹ̀. Ojú wà lára èdè yẹn: bó bá gbé irun ojú sókè, ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń bèèrè. Gèlè tó bá wọlẹ̀ jù ti gbé ìdajì gbólóhùn mì.

Mo mọ ọmọ adití kan ní Lagere níbí, gèlè ìyá ẹ̀ ló fi ń ṣe adé láti kékeré. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé adé yẹn kì í pẹ́ lórí ẹ̀. Á bọ́ ọ, á dé e fún ọmọ mìíràn, á lọ jókòó síwájú pẹ̀lú síléètì àti ṣọ́ọ̀kì, ó ń kọ máàkì! Ọmọ tó bá rìn wúruwùru, á fẹsẹ̀ lulẹ̀, gì, ó yá, padà. Lónìí ó ti ń darí ìdíje tiẹ̀, àwọn tí kì í ṣe adití sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló ṣì fi ń pè wọ́n. Orí pákó ìtàgé, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ìpàdé àwọn tó ń ṣètò ìdíje. Èèyàn mẹ́ta á máa sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹnì kan á wá ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ ná, a máa ṣàlàyé fún un tó bá yá." HÀ! Olórí ìpàdé lẹ fẹ́ ṣàlàyé ìpàdé fún? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, kó nawọ́.

Àtẹ́wọ́? Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kẹ́ ẹ máa mì í. Báyìí.

Ó ku owó. Ògbufọ̀ méjì lẹ máa gbà, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn ní bí ìṣẹ́jú ogún-ogún, torí ọwọ́ àti ọpọlọ ń rẹni. Ẹ kọ owó wọn sílẹ̀ kó tó kan ti DJ. Kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ìwé orúkọ àwọn olùdíje àtàwọn onígbọ̀wọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, torí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń fọwọ́ kọ orúkọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí orúkọ wa ṣe máa ń gùn tó.